Nígbà Tí Pẹ̀lẹ́ Di Ẹ̀bi

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àtijọ́. Ọpẹ́ ni fún Olúwa tó jẹ́ kí ilẹ̀ òní mọ́ bá wa, tó fi èémí sí wa nímú, tó sì fún wa ní ojú tí a fi ń kàwé. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò tíì ṣẹlẹ̀, mo sì ń gbàdúrà kó má ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń wo bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu wa lé ẹ̀rọ lọ́wọ́ lójoojúmọ́, ọkàn mi a máa bi mí pé, níbo là ń lọ? Ẹ sún mọ́ mi, kí a jọ wo ibì kan tí ọ̀nà yìí lè já sí.

Ìlẹ̀kùn náà ti tì kí Ìbídùnní tó rántí pé òun kò bu omi dání.

"Ẹ jókòó," ni ohùn kan wí láti inú ògiri. "Ẹ̀yin méjèèjì ti wọ Yàrá Ìlàjà. Ìlẹ̀kùn yóò ṣí nígbà tí ẹnì kan nínú yín bá jẹ́wọ́."

Ohùn náà dùn, ó tutù, bí ohùn obìnrin tó máa ń ka ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní gbogbo Òkè-Ààbò. Onílàjà ni wọ́n ń pè é. Kò lórí, kò lẹ́sẹ̀. Awo dúdú kan tó tó ọmọrí ìkòkò ni, wọ́n kàn án mọ́ ògiri, iná aláwọ̀ ewé kan sì ń ṣẹ́jú láàárín rẹ̀. Irú awo bẹ́ẹ̀ wà ní ẹnu àtẹ̀gùn, ó wà ní àgbàlá, ó wà ní ibi tí wọ́n ti ń pọn omi. Ṣùgbọ́n inú yàrá yìí nìkan ló ti ń dájọ́.

Bàbá Ládòkun ti wà lórí àga tirẹ̀. Ìsàlẹ̀ yàrá Ìbídùnní gan-an ni bàbá àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ìborùn ìyàwó náà ló gbé lé orúnkún, èyí tó bọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé màmá lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ìbídùnní kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, bàbá."

"Dìde, jàre! Kí ni kí n fi ìkúnlẹ̀ ṣe? Ìyàwó mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, itan rẹ̀ ti ṣẹ́, ìwọ ń kí mi káàsán."

"Bí mi ò bá kí yín, ẹ ó ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Mo kí yín, ẹ ní kí n dìde. Èwo ni kí n ṣe?"

"Jẹ́wọ́! Ìyẹn ni kó o ṣe. Jẹ́wọ́, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mi, kí n lọ bá ìyàwó mi."

Ìbídùnní dìde, ó jókòó sórí àga kejì. Wọ́n ti de àwọn àga náà mọ́lẹ̀ ní ìdojúkọ ara wọn, tó fi jẹ́ pé bí ènìyàn ò bá fẹ́ wo ẹnì kejì rẹ̀, àfi kó dijú. Kò sí fèrèsé. Iná òkè àjà kì í kú, kì í sì í ṣókùnkùn.

"Bàbá, omi mi kọ́ ló yọ màmá lẹ́sẹ̀," ni ó wí. "Omi àwọ̀n ni. Láràárọ̀ ló ń kán sórí àtẹ̀gùn yẹn. Ẹ̀yin náà ń rí i."

Àwọ̀n tó ń wí ni àwọn àwọ̀n ńláńlá tí ìlú na sórí gbogbo òrùlé láti máa gba ìrì inú kùrukùru. Láti ìgbà tí òkun ti wọlé, tí gbogbo kànga ìsàlẹ̀ ti di omi iyọ̀, ìrì yẹn ni gbogbo ará Òkè-Ààbò ń mu.

"Àwọ̀n ìlú nìyẹn," ni Bàbá Ládòkun dáhùn, bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi tó ń ka àkọ́sórí. "Ìlú kì í jẹ̀bi."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Onílàjà wí. "Ìlú kò sí lára àwọn tó lè jẹ̀bi."

"A jẹ́ pé èèṣì ni," ni Ìbídùnní wí, ó kọjú sí ògiri. "Ẹsẹ̀ àgbàlagbà yọ̀. Èèṣì ni!"

"Kò sí èèṣì nínú òfin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lo ọ̀rọ̀ mìíràn."

Bàbá Ládòkun na ìka sí i. "Ẹ̀fọ́ tó o gbìn sẹ́nu ọ̀nà ńkọ́? Tó o máa ń bomi rin bí ẹni tó ń wẹ ọmọ tuntun? Ṣé omi ẹ̀fọ́ kì í ṣàn ni?"

"Ẹ̀fọ́ tí màmá máa ń já síbi ọbẹ̀ yín? Ẹ ò bínú sí i nígbà tẹ́ ẹ̀ ń fi jẹ̀bà."

Ẹnu bàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó rántí ara rẹ̀, ó tún dijú mọ́rí. Ó fẹ́ràn obìnrin yìí tẹ́lẹ̀. Òun ló ń kó aṣọ wọn lórí okùn bí òjò bá ṣú. Bí ó bá ń kọrin ìdájí lókè, ìyàwó rẹ̀ a máa gbè é nísàlẹ̀. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí inú bí i.

"Ohun kan ni kó o dá mi lóhùn," ni ó wí. "Bí kì í bá ṣe ìwọ, kí ló dé tó o fi kí i ní pẹ̀lẹ́?"

Ìbídùnní wo àgbàlagbà náà láti orí dé ẹsẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin náà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń sọ pẹ̀lẹ́ kí wọ́n tó ṣe ẹ̀rọ yìí?"

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, ẹ̀yin ènìyàn mi. Àwọn tó kọ́ Onílàjà ní èdè wa kì í ṣe ọmọ tó mu èdè náà lọ́mú. Nínú èdè tiwọn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹni tó ṣẹ̀ fi ń tọrọ àforíjì, ọ̀rọ̀ yẹn kan náà sì ni ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ fi ń báni kẹ́dùn. Nígbà tí wọ́n kan pẹ̀lẹ́, wọ́n kó o pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀bi, wọ́n sì kọjá lọ. Ẹni tó bá fi kí ènìyàn níta, wọ́n á pè é wá sínú yàrá. Ẹni tó bá fi kí ènìyàn nínú yàrá, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn.

Kò pẹ́ tí àwọn ará ìlú fi kẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹnì kan bá fẹsẹ̀ kọ, àwọn tó wà nítòsí a yíjú sí ògiri. Bí àìsàn bá mú aládùúgbò, wọ́n a gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n a sì sá. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "ẹ kú àmúmọ́ra" dípò rẹ̀, òfin sì fi ìyẹn náà kún un. Ní ìkẹyìn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù tí wọ́n lè sọ fún ẹni tí nǹkan ṣe: "Mo rí i." Ọ̀rọ̀ gbígbẹ ni, ṣùgbọ́n kò lẹ́bi.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nígbà tí màmá yọ̀ ṣubú, ojú gbogbo ènìyàn ti wà lára ògiri. Ìbídùnní nìkan ló sáré sọ̀kalẹ̀, tó gbé orí màmá lé itan, tí ẹnu rẹ̀ sì já: "Yéè! Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá! Ẹ pẹ̀lẹ́ o!" Iná ewé tó wà lẹ́nu àtẹ̀gùn di pupa.

Mofẹ́, ọmọbìnrin Ìbídùnní kan ṣoṣo, dúró lókè àtẹ̀gùn. Nígbà tí wọ́n wọlé, ó ní, "Màmá, kí ni pẹ̀lẹ́?" Ọmọ náà ti ń lọ sí ilé ìwé, kò tíì gbọ́ ọ rí láyé rẹ̀.

"Onílàjà," ni Bàbá Ládòkun wí, "báwo ni ìyàwó mi?"

"Mi ò tíì gba ìròyìn. Ẹ máa bá ìlàjà lọ."

Bàbá dìde, ó gbá ìlẹ̀kùn. Ó tún gbá a. Irin ni, kò tilẹ̀ dún dáadáa. Ó padà wá jókòó, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ.

"Ìyá Mofẹ́," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Mi ò fẹ́ bá ọ jà mọ́. Omi ẹ̀fọ́ ni, omi àwọ̀n ni, èmi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń bẹ̀rù tó bá wà láàárín àwọn tí kò mọ̀. Ó fẹ́ kí n di òun lọ́wọ́ mú. Ṣáà sọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́."

"Ẹ̀yin náà lè sọ ọ́, bàbá."

"Kí n sọ pé èmi ni mo ti ìyàwó mi? Tó bá gbọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì ńkọ́?"

Ìbídùnní bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ìpalára lásán ni ẹjọ́ yìí. Ẹni tó bá jẹ̀bi ìpalára á sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ẹsẹ̀-Omi, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ tí òkun ń wọ̀ tó ń jáde, á ṣiṣẹ́ ìgbé-ẹrẹ̀ níbẹ̀ títí òjò á fi lọ, á sì padà gòkè. Ó burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ikú. Ọkọ rẹ̀, Lékan, lè tọ́jú Mofẹ́. Mofẹ́ kò lè bá a lọ ní tirẹ̀. Ikọ́ fée ń ṣe ọmọ náà, ooru omi ìsàlẹ̀ yẹn á sì dí i láyà kó tó mọ́jú. Ìdí tí wọ́n fi ń gbé òkè gan-an nìyẹn.

Òjò kan péré, ni ó wí fún ara rẹ̀. Jẹ́ kí bàbá yìí lọ bá ìyàwó rẹ̀. Ó gbàdúrà kékeré kan sínú, ó la ẹnu.

"Ìpè kan ti wọlé láti ilé ìwòsàn," ni Onílàjà wí. "Ìyàwó Bàbá Ládòkun ti kú. Ẹjọ́ yìí kì í ṣe ti ìpalára mọ́, ó ti di ti ikú. Ẹni tó bá jẹ̀bi yóò sọ̀kalẹ̀, kò sì ní gòkè mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bá ìlàjà lọ."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Kò sí àgbàlagbà kankan tó kọ́kọ́ wá jókòó ti bàbá, tó béèrè bóyá ó ti jẹun, tó ń yí ọ̀rọ̀ po títí ọkàn á fi ṣe gírí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé omi dé.

Bàbá Ládòkun kò kígbe. Ó wo awo dúdú náà, ó ní, "Ṣé ìyàwó mi ni lóòótọ́? Ẹ yẹ orúkọ wò dáadáa."

"Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

"Mi ò ní ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn."

"Ṣé ó béèrè mi?"

"Mi ò ní ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn."

Bàbá ká ìborùn náà sí méjì. Ó tún un ká. Ó tú u, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká a, bí ẹni pé ìyàwó rẹ̀ á tó dé láti wá gbà á. Lẹ́yìn náà ó yọ̀ kúrò lórí àga, ó wó gbì sílẹ̀. "Àwẹ̀ró," ni ó ń pe ìyàwó rẹ̀, orúkọ oríkì tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é lọ́mọdé. "Àwẹ̀ró, wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ mi ni. Mo ń bọ̀. Wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ mi ni."

Ìbídùnní fi etí gèlè rẹ̀ bọ ẹnu, ó fi eyín dì í mú. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ahọ́n. Láti kékeré ló ti wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, bí ó bá jáde, òun kò ní rí ọmọ òun mọ́ láyé. Mofẹ́ á dàgbà lókè, òun á darúgbó nísàlẹ̀, kùrukùru á wà láàárín wọn. Rárá o, ni ó wí sínú. Olúwa, gbà mí. Rárá o.

Ó yọ gèlè lẹ́nu. "Mo rí i, bàbá," ni ó wí.

Bàbá gbójú sókè láti ilẹ̀. Omijé ti rin irùngbọ̀n rẹ̀.

"O rí kí ni?" ni ó bi í. Kò bínú. Ó fẹ́ mọ̀ ní tòótọ́ ni. "Ìyá Mofẹ́, kí lo rí?"

Ìtìjú mú Ìbídùnní débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bojú. Òun kúkú ni kò jẹ́wọ́ lásìkò. Bí ó bá ti sọ ọ́ nígbà tí bàbá kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́, bàbá á ti di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú kí ó tó kọjá. Òun kọ́ ló yọ màmá lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló dá bàbá dúró síbí. Ó ronú bí òun á ṣe jáde lẹ́yìn èyí, tí òun á gun àtẹ̀gùn, tí òun á gbá ọmọ òun mọ́ra. Bí Mofẹ́ bá tún béèrè pé kí ni pẹ̀lẹ́, ẹnu wo ni òun á fi dá a lóhùn?

Ó kúnlẹ̀ ti bàbá. Ó gbé orí àgbàlagbà náà lé èjìká rẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá," ni ó wí. "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an ni."

Bí ó ti ń sọ ọ́, kò mọ èwo ni òun ń sọ nínú méjèèjì mọ́, ti ẹni tó ń báni kẹ́dùn, tàbí ti ẹni tó ṣẹ̀. Ọlọ́run nìkan ló mọ̀.

Iná náà di pupa. "Mo ti gbọ́ ìjẹ́wọ́. Ìbídùnní, ìyá Mofẹ́, jẹ̀bi ikú. Bàbá Ládòkun jàre. Ìlẹ̀kùn yóò ṣí."

Ìlẹ̀kùn kò tíì ṣí tán tí bàbá fi gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ náà wí. Ó yọ orí kúrò léjìká obìnrin náà, ó wò ó lójú.

"Ọmọ rẹ," ni ó wí.

Ìbídùnní fi orí jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.

"Ìwọ yìí, o mọ̀ pé wọ́n máa lé ọ lọ, o ṣì..."

"Bàbá Ládòkun," ni Onílàjà wí, "ẹ ti jàre. Mo gbà yín níyànjú kí ẹ dákẹ́ títí ẹ ó fi jáde."

"Ìwọ ni kó o dákẹ́!" ni bàbá jágbe mọ́ ògiri. "Ọmọ tí a kò bí, kí lo mọ̀? Mo jókòó síbí láti ẹ̀ẹ̀kan, mo ń bi obìnrin yìí pé kí ló dé tó fi kí ìyàwó mi ní pẹ̀lẹ́. Èmi! Èmi tí ìyá mi bí sábẹ́ òrùlé tí wọ́n ti ń kí ewúrẹ́ ní pẹ̀lẹ́ bó bá fẹsẹ̀ kọ!"

Ó fi ìborùn nu ojú ara rẹ̀, ó sì fi etí kejì nu ojú Ìbídùnní.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ni ó wí, ó rọra wí i kó lè yé e. "Pẹ̀lẹ́. Ọmọ rẹ á yè. Pẹ̀lẹ́."

"Mo ti gbọ́ ìjẹ́wọ́ kejì," ni Onílàjà wí, ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá. "Ẹlẹ́bi méjì. Ẹni méjì yóò sọ̀kalẹ̀. Ọkọ̀ yóò dúró ní àgbàlá."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jáde, bàbá fara ti Ìbídùnní, Ìbídùnní fara ti bàbá. Òrùn ọ̀sán ṣì mú. Gbogbo ará ilé ti dúró yí àgbàlá ká, gbogbo wọn kọjú sí ògiri, bí ó ti jẹ́ àṣà wọn. Ẹ̀yìn ọrùn wọn nìkan ni ènìyàn ń rí. Obìnrin kan láàárín wọn ń sunkún, èjìká rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n kò yíjú.

Lékan nìkan ló kọjú sí wọn. Ó ti gbọ́ ìdájọ́ náà lára awo àgbàlá. Ó fi Mofẹ́ sílé, ó sáré sọ̀kalẹ̀ láìwọ bàtà. Nígbà tó dé iwájú ìyàwó rẹ̀, ó dì í mú lápá méjèèjì, ó ń wò ó, ó ń wò ó, ojú rẹ̀ kún. Iná ewé ń ṣẹ́jú lórí wọn. Ìbídùnní rí i bí ètè ọkọ rẹ̀ ṣe pàdé láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan.

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Má sọ ọ́," ni ó wí. "Lékan, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Bí ìwọ náà bá sọ ọ́, ta ni á wà pẹ̀lú ọmọ?"

Lékan gbìyànjú láti yọ ọwọ́ náà. Kò jẹ́ kó yọ ọ́. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́nu, títí ọkùnrin náà fi dúró jẹ́ẹ́, tí ó sì dijú. Nígbà náà ló mọ̀ ọ́n lára, nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀: ètè ọkọ rẹ̀ pàdé, wọ́n là, ahọ́n rẹ̀ kan ẹ̀yìn eyín, èémí gbígbóná kan jáde. Ó tún ṣe é. Ó tún ṣe é. Iná àgbàlá wà ní àwọ̀ ewé síbẹ̀. Ìbídùnní kò gbé ọwọ́ kúrò títí ọkọ̀ fi dé.

Ìwọ tó o bá mi dé ibí, kí Olúwa Aláàánú bùkún ọ. Kí ó má ṣe jẹ́ kí ilé rẹ di ibi tí wọn kò ti lè kí ọ. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ bá yọ̀, kí o rí ẹni tí yóò sáré wá gbé orí rẹ lé itan. Nígbà tí ẹkún bá sì dé sí ilé ẹlòmíràn, kí Ẹ̀mí Mímọ́ fún ìwọ náà ní ẹnu tí kì í bẹ̀rù. Àlàáfíà fún ọ, fún aládùúgbò rẹ, àti fún gbogbo ẹni tó ń sùn sábẹ́ òrùlé rẹ. Àmín.